Ogún Ẹyin Nínú Kúlà

Ó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn títí wọ́n fi móoru. Lẹ́yìn náà ló ki ìka àárín sábẹ́ ẹyin àkọ́kọ́, ó fi àtàǹpàkò dì í mú lókè, ó sì yí i díẹ̀díẹ̀ títí àmì tó fi pẹ́ńsùlù kọ sí i lára fi wọ abẹ́. Kò gbé e. Ó kàn yí i ni. Ẹyin àparò ò tóbi ju orí àtàǹpàkò rẹ̀ lọ, àmì dúdú wínníwínní sì wà káàkiri ara rẹ̀. Ọ̀kan. Ó bọ́ sórí èkejì.

Ogún ni gbogbo wọn. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́.

Agbẹ̀bí ni màmá yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Kò sí òpópónà tó máa gbà ládùúgbò tí ẹnì kan ò ní jáde wá kí i pé ọwọ́ rẹ̀ ni òun bọ́ sí. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tíṣà ìṣirò, ń gbé ní ìlú mìíràn. Ó ku òun nìkan nínú ilé oníyàrá mẹ́ta.

Ìkòkò ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé e kaná, ó jókòó, oorun gbé e lọ. Èéfín ló pe àwọn ará ilé kejì. Nígbà tí Tíṣà gbọ́, ó ní kí màmá òun kó ẹrù máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun.

"Mi ò lọ síbì kankan," ni màmá wí lórí fóònù.

"Màámi, ẹ ò lè ṣọ́ iná mọ́."

"Èmi? Èmi tí mo máa ń ṣọ́ obìnrin mẹ́fà tó ń rọbí lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Obìnrin máa ń pariwo, Màámi. Ìkòkò kì í pariwo."

Ó dùn ún wọra. Ibẹ̀ ló ti ní òun á ṣọ́ iná tí kì í pariwo fún odindi ọjọ́ méjìdínlógún lórí ẹyin àparò, bí wọ́n bá sì pa, kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ̀rọ̀ ẹrù mọ́. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní kó jẹ́ ogún ẹyin, kí mẹ́wàá pa, ó kéré tán. Bí wọn ò bá pé mẹ́wàá, kí màmá máa bọ̀. Màmá ní òun gbà.

Kúlà àtijọ́ ló fi ṣe é. Ohun tí wọ́n ṣe fún òtútù wá di ilé ooru. Ó gé ojú sí ọmọrí rẹ̀, ó fi gíláàsì férémù àwòrán dí i. Gílóòbù kan. Abọ́ omi kan, kí inú rẹ̀ má gbẹ. Tẹmómítà. Ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí yóò ṣí bí ooru bá fẹ́ pọ̀ jù, tí yóò fi àkísà dí bó bá ń lọ sílẹ̀. Nítorí kò fọkàn tán orí ara rẹ̀ mọ́, ó so aago tó ń dún mọ́ ọrùn.

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ ti di ilé ìwé tó ń lu aago," ni Bàbá Ẹlẹ́yẹ wí, ọkùnrin tó ta ẹyin fún un. Òun náà ló kọ́ ọ ní òfin: "Tó bá ti ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ò gbọdọ̀ yí wọn mọ́, ẹ ò sì gbọdọ̀ ṣí i. Ohun yòówù kẹ́ ẹ rí."

"Mo gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Iná ò kú, ooru ò yẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹtàdínlógún, ẹyin kan sán. Ẹnu ẹyẹ yọ, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Wákàtí kan. Wákàtí mẹ́ta. Ọmọ náà ń ké, kò jáde. Ta ló máa fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gbẹ̀bí, tó máa gbọ́ irú ohùn yẹn, tó máa káwọ́ lẹ́rán? Orí rẹ̀ mọ òfin. Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣí ọmọrí.

Ó rọra ń bó èèpo náà. Kò tíì dé ìdajì tí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ọmọ náà ò há rárá; ó ń sinmi ni, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ tó kù nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn mọ́ra kó tó jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú sí i lọ́wọ́.

Màmá pa ọmọrí dé. Ó gbé àga síwájú kúlà, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Àwọn yòókù ń ké, wọ́n ń dákẹ́, wọ́n tún ń ké. Kò dá wọn lóhùn. Wọ́n ń jáde fúnra wọn, ara wọn tutù, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń gun ara wọn lórí. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, kò sí èyí tó tún sán mọ́. Ó kà wọ́n. Mẹ́sàn-án.

Bàbá Ẹlẹ́yẹ wá wò wọ́n. "Nínú kúlà? Ẹ gbìyànjú. Tèmi náà pa lánàá. Ẹ jẹ́ n mú ọ̀kan wá kún un. Gbogbo wọn jọra, Tíṣà ò ní bi í léèrè ibi tí wọ́n bí i sí."

"Ọmọ tí mo ti kọ sínú ìwé lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta," ni màmá fèsì. "Mi ò kọ èyí tí mi ò gbẹ̀bí rẹ̀ rí."

"Ẹyẹ mà ni, Màmá."

"Mo mọ̀."

Tíṣà dé ní Sátidé. Ó lóṣòó síwájú gíláàsì, ó ka àwọn ọmọ ẹyẹ náà.

"Iná ò kú lóòótọ́. Màámi, mo lè pe èyí ní mẹ́wàá."

"Tíṣà ìṣirò ni ọ́," ni màmá wí. "Ẹ̀kẹwàá wà. Èmi ni mo pa á." Ó sì sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un.

"Ẹ fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó pè mí."

Ní òpin oṣù yẹn, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wọn, ó fi àwọn àparò náà sílẹ̀ fún Bàbá Ẹlẹ́yẹ, ó ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó sì kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ló ń gbé.