Ìwé tí Mo Kà fún Ẹ̀gbọ́n Mi Rẹ̀mí

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì karùn-ún ní Oǹdó, èmi nìkan ni mo lè ka ìwé gẹ̀ẹ́sì ní agboolé wa. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà yóò rántí ọdún tí owó kòkó já wálẹ̀. Iyán di oúnjẹ ọdún Kérésì. Ẹ̀bà láàárọ̀, ẹ̀bà lálẹ́, ẹran inú ọbẹ̀ sì kéré débi pé ojú la fi ń jẹ ẹ́. Síbẹ̀ ara wa yá gágá, nítorí ìwé ìtàn kan tí tíṣà wa yá mi.

Bí a bá ti ilé-ìwé dé, a ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn, a ó máa bó ẹ̀gúsí. Ìyá Adébọ́lá, opó tó ń gbé yàrá kejì, ló ń bá mi bó tèmi, kí n lè máa ka ìwé, kí n sì máa túmọ̀ rẹ̀. Ìtàn ọmọbìnrin òyìnbó kan ni, tí ọkùnrin méjì ń fẹ́: apẹja tí kò ní nǹkan kan, àti olówó tó ní ilé bí ààfin. Kí n má purọ́, ìdajì gẹ̀ẹ́sì náà ni mo gbọ́; ìdajì yòókù, ọgbọ́n orí mi ni mo fi dí i. Lọ́jọ́ kan tí ìtàn wọ̀ mí lára, mo gbàgbé omi tí wọ́n rán mi. Ìyá wa fà mí létí títí ó fi gbóná bí iná.

"Kó fẹ́ olówó o jàre!" Ìyá Adébọ́lá a pariwo. "Ṣé ìfẹ́ la ó fi se ọbẹ̀ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi Rẹ̀mí kì í sọ̀rọ̀. Gbogbo wa la mọ ìdí. Ọkùnrin méjì ló ń fẹ́ òun náà: Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú, ará Àkúrẹ́ tó ní lọ́rì méjì, àti Akínbọ́dé, káfíńtà tí kò ní ju ayùn àti òòlù lọ. Bàbá wa ti ní kó fèsì kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé. Ní Sátidé, Rẹ̀mí fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Fèyí, ta ni ọmọ yẹn fẹ́ nígbẹ̀yìn?"

Mo ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn. Ẹ gbà mí, n kò lóye ọ̀rọ̀ mẹ́ta níbẹ̀! Àmọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú kì í wá kó má mú búrẹ́dì àti sàdíìnì dání. Búrẹ́dì ni mo rò.

"Olówó ni, Sísí mi. Olówó ló fẹ́."

Ó fò dìde, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ó gọ̀! Ọmọ yẹn gọ̀ pátápátá! Apẹja tó ti ń dúró dè é látọjọ́ yìí ńkọ́?"

Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó gbá mi mọ́ra, ó sì sáré lọ bá bàbá wa níwájú ilé, kò dúró wọ bàtà.

Káfíńtà ló fẹ́. Ìyá Adébọ́lá bínú, kò bá mi bó ẹ̀gúsí fún odindi oṣù kan. Gààrí ni tọkọtaya náà ń mu fún ọdún bíi mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn, láti ojú títì lẹ ó ti máa gbọ́ ọ.

Lónìí, àwọn ọmọ kì í dúró kí ẹnikẹ́ni kàwé fún wọn; fóònù ti sọ òpin ìtàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọkùnrin bá wá, ọkọ̀ tó gbé wá ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. N kò bá wọn jà, nǹkan le nísinsìnyí náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Rẹ̀mí kú lóṣù tó kọjá, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ra pósí olówó ńlá láti Àkúrẹ́. Akínbọ́dé kọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi fá pákó pósí ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan inú rẹ̀ wò, kí ibì kankan má baà họ ọ́ lára.