Ìyá Tí Màámi Tọrọ Fún Mi

Ọjọ́ tí mo lọ sójú ogun abẹ́lé, màámi ń ránṣọ lọ́wọ́ nílé wa ní Ìwáyà. Sùtánà funfun ni wọ́n máa ń rán fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa létí ọ̀sà. Mo kúnlẹ̀ nínú aṣọ ológun tuntun, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí. Mo ti ń retí pé wọn yóò sọ pé ìbọn kò ní bà mí.

“Olúwa,” màámi ní, “níbi tí ọwọ́ mi kò bá ti tó ọmọ mi, fún un ní ìyá níbẹ̀.”

Inú bí mi. “Màámi, ṣé ìyá ni mo fẹ́ lọ wá lójú ogun ni?”

“Ṣe àmín, jàre!”

Mo rẹ́rìn-ín, mo dìde. N kò ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ kò rí ogun, ariwo rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀tá tú wa ká, ọta ìbọn wọ itan mi. Àwọn yòókù sá lọ, èmi fàyà wọ́ wọ inú igbó. Ebi pa mí débi tí mo ń jẹ ewé tí n kò mọ̀. Nígbà tó yá, mo já sẹ́yìn ilé kan, mo ṣubú síbẹ̀.

Obìnrin Íbò kan tó ru igi ìdáná ló bá mi. Ó wo aṣọ mi, ó mọ̀ pé ọ̀tá ni mí. Pijin díẹ̀ la fi gbọ́ra wa yé.

“Ṣé o ní ìyá?”

“Mo ní, màá.”

“Èmi náà ní ọmọ lójú ogun. Ọ̀dọ̀ tiwa ló wà.”

Ó wọ́ mi wọ ilé ìdáná rẹ̀, ó kó igi bò mí. Gbágùúdá tí kò tó òun fúnra rẹ̀ jẹ ló ń bù fún mi. Lọ́jọ́ kan àwọn ọmọ ogun wọn dé. Ó ní òun nìkan ló wà nílé, títí wọ́n fi lọ. Abẹ́ igi yẹn ni mo ti ṣe àmín tí mo jẹ màámi ní gbèsè.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wà títí ogun fi parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Mo tiro wọ Ìwáyà, màámi sì yí gbirigbiri nílẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń kọrin ọpẹ́ níta nígbà tí mo ń ròyìn obìnrin náà fún màámi.

“Ọmọ tiẹ̀ ńkọ́?” màámi béèrè. “Ṣé ó ti dé?”

“Kò tíì dé nígbà tí mo kúrò níbẹ̀.”

Màámi kò jáde lọ bá àwọn olórin. Ńṣe ni wọ́n tún kúnlẹ̀, wọ́n bẹ Ọlọ́run fún ọmọ obìnrin náà. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbàdúrà títí iṣẹ́ ìyanu fi dé, tí wọ́n sì jókòó. Màámi rí iṣẹ́ ìyanu tiwọn gbà tán, wọn kò jókòó. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ títí wọ́n fi kú. Mo fẹ́ràn wọn nítorí ìyẹn ju gbogbo oúnjẹ tí wọ́n fún mi lọ.

Ẹ̀rọ ìránṣọ wọn wà nínú yàrá mi. Kò dún mọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń kúnlẹ̀ láràárọ̀ báyìí, kí n bẹ Ọlọ́run fún ọmọ obìnrin náà, bóyá ó délé, bóyá kò dé. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ ìyá mi ni mo ń pè é.