Ata Bàbá Yésúfù Kì Í Ta

Àdúà tó kúrú jù lọ tí ẹnikẹ́ni tíì ṣe ní Olódò, ata Bàbá Yésúfù ló fà á. Mùsílímátù ń sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ó sì gbé ẹ̀wà ọ̀lẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Roheem tó ń fi ẹ́ńjìnnì lọ ata. Kò mọ̀ pé Bàbá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ata tiwọn tán. Roheem da omi sí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, ó lọ ẹ̀wà. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ààfáà bu ọ̀lẹ̀ jẹ kó tó ṣe àdúà ìparí. "Àmín" nìkan ló rí sọ.

Bàbá wà níbẹ̀. Wọ́n jẹ tiwọn tán, wọ́n tún béèrè òmíràn.

"Bàbá, ata yín fẹ́ pa ààfáà!" ni Mùsílímátù pariwo.

"Ata mi kì í ta," ni Bàbá dáhùn, òógùn ń ṣàn lórí wọn bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì. "Ẹnu ààfáà ni kò tíì gbó."

Ẹ̀yìnkùlé wọn ni ata náà wà, ìdí mẹ́ta péré. Ó pọ́n bí àgbálùmọ̀, ó hunjọ bí ojú arúgbó. Àbúrò wọn obìnrin tó ń tajà dé Kútọnu ló mú irúgbìn rẹ̀ bọ̀, a ò sì rí irú rẹ̀ láti Adegbayi títí dé Ìjàyè. Ẹni tó bá fẹ́ irúgbìn gbọ́dọ̀ jẹ ọ̀kan ní tútù lójú Bàbá, kó sì sọ pé kò ta. Dàpọ̀, ọmọ kátíkíìsì, fọ́nnu wá. Ó jẹ ẹ́. Ó ní, "Kò..." Ìyókù ọ̀rọ̀ náà wà nínú dúróòmù omi títí dòní.

Roheem fòfin de Bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé ata yín lọ sí Adegbayi."

"Ṣé ata lo ń lé ni, àbí èmi?"

"Ẹ̀yin méjèèjì, sà."

Bàbá lọ sí Adegbayi lóòótọ́. Ìròyìn ti ṣáájú wọn débẹ̀. Ni Bàbá bá ń fi ata pamọ́ sábẹ́ tòmátì, wọ́n ń gbé e padà wá fún Roheem. Ẹ́ńjìnnì á máa lọ, Roheem á máa sín, Bàbá á sì máa ṣàdúà fún un lórí sísín kọ̀ọ̀kan. Roheem á fi ìbínú fọ ẹ́ńjìnnì, á da omi rẹ̀ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Bí ẹ bá lọ ńkọ́, Bàbá?" ló béèrè lọ́jọ́ kan. "Ẹ fún wa ní irúgbìn, kí ata yìí má bàa parun."

Bàbá na ata tútù kan sí i. "Ṣáà ti sọ pé kò ta. Ṣé ìyẹn náà le ni?"

Ó le. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́.

Bàbá kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àdúà ogójì ọjọ́ kò tíì pé tí àwọn ọmọ wọn fi ti ìgboro dé, tí wọ́n hú ata dànù, tí wọ́n da kọnkéré sí ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n lè rí ibi gbé mọ́tò sí. Mọ́tò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní. Kì í ṣiṣẹ́.

Òjò dé. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Roheem, níbi tó ń da omi ẹ́ńjìnnì sí, ata hù. Nígbà tó so, ó hunjọ bí ojú arúgbó. Roheem fi ẹ̀gún yí i ká nítorí ewúrẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mùsílímátù ló kọ́kọ́ rí i.

"Já ọ̀kan fún mi."

"Ìyá, ṣé ẹ ti gbàgbé ààfáà ni?"

"Mo ní kí o já a."

Roheem já méjì. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n jẹ ẹ́ ní tútù bí Bàbá ṣe fẹ́. Omijé ń dà, imú ń ṣàn, ẹ̀rín ń pa wọ́n.

"Ìyá, ṣé ó ta?"

Mùsílímátù fi etí ìborùn nu ojú.

"Kò ta," ló wí, ọ̀rọ̀ náà sì pé lẹ́nu rẹ̀. "Fún mi ní irúgbìn."