Òkú Ìkòrò

Ẹ̀fín ló fẹ́ gba ojú màmá mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sin ẹja àrọ̀ ní àkùrọ̀ tó wà nísàlẹ̀ Ìkòrò, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù lọ́jà, wọ́n á yan án kí ó má baà bàjẹ́. Dókítà ojú tó wò wọ́n ní Ìjerò kò fi ọ̀rọ̀ bò: bí wọn kò bá jáwọ́ nínú ẹ̀fín, ojú yẹn á lọ. Omi tó ń dà lójú wọn nígbà yẹn pọ̀ débi pé èmi ni mo ń ka ìwé orin fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyẹn ló jẹ́ kí èmi àti àwọn àbúrò mi ra fírísà tó ń lo oòrùn, torí iná ìjọba lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ tó bá wù ú ló ń wá. Nígbà tí oníṣẹ́ sólà gbé pátákó dúdú rẹ̀ sórí òrùlé tán, màmá mi fọwọ́ bojú nítorí oòrùn, wọ́n wò ó títí.

"Oòrùn yìí kan náà tó ń jó mi lórí lóko, òun ni a ṣe yìnyín?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn á máa wò ó.

Lọ́jọ́ ọjà, wọ́n kó ẹja tó ti dì wọ inú kúlà, wọ́n gbé e lọ. Oníbàárà wọn kan, tó ti ń ra ẹja wọn láti ìgbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mú ọ̀kan, ó gbá a mọ́ etí kúlà, ó ń dún gbangan.

"Yèyé, ẹ̀yin náà ti ń ta òkú Èkó?"

Ẹja inú yìnyín tí wọ́n ń kó wá láti ọ̀nà jíjìn là ń pè bẹ́ẹ̀. Màmá mi, tí ẹja wọn máa ń ta omi sí oníbàárà lójú nínú bàsíà! "Éèṣe òkú Èkó," ni wọ́n ń wí, "ẹja àkùrọ̀ mi ni." Kò sẹ́ni tó gbà. Wọ́n gbé kúlà náà padà wálé bí wọ́n ṣe gbé e lọ. Ọjà kejì, bákan náà ni.

Nígbà tí mo tún délé, mo bá igi lára àgbá tí wọ́n fi ń yan ẹja. Wọ́n ti là á sílẹ̀. Inú bí mi gan-an, mo sì sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ sí wọn.

"Uná ni mi a dá," ni wọ́n fèsì. "Ẹja tí ẹnìkan éè rà, kí ni mo fẹ́ fi ṣe nínú ulé?"

Wọn kò dá iná náà. Títí di òní, n kò mọ ìgbà tí wọ́n ro ohun tí wọ́n ṣe dípò rẹ̀. Ní ọjà kẹta, ẹja ààyè ni wọ́n gbé lọ. Wọ́n ní kí oníbàárà yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ yan èyí tó wù ú, kódà kó yan ńlá tí kò lè jẹ tán lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n pa á níṣojú rẹ̀. Wọ́n ní kó ya etí ìró àtijọ́ kan wá, wọ́n so ó mọ́ ìrù ẹja náà. Ọjọ́ tó bá fẹ́ sè é, kó wá mú ẹja rẹ̀ nínú fírísà nílé wa. Ta ni yóò tún pe ẹja tó fojú ara rẹ̀ rí láàyè ní òkú Èkó? Kò pẹ́ tí inú fírísà náà fi kún fún àkísà aláràbarà. Mo ti lọ sí yunifásítì, irú ọgbọ́n yẹn kò sọ sí mi lọ́kàn.

Lóṣù tó kọjá, oníbàárà yẹn wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Yèyé, ẹ bá mi mú òkú Ìkòrò mi jáde o!"

Èmi ni mo ṣí fírísà. Mo mú èyí tí wọ́n so aṣọ aláró mọ́ nírù. Màmá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí.

"Dá a padà, éèṣe tirẹ̀ nìyẹn. Tirẹ̀ ní funfun wínníwínní lára."

Mo wo inú fírísà. Aṣọ aláró méjì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èmi tí mo wọ gíláàsì ni mo gbé wọn súnmọ́ ojú kí n tó rí funfun náà.