Akàn Tí Ìyá Mi Kò Jẹ Rí

Ọjọ́ tí wọ́n sọ orúkọ àìsàn ìyá mi fún wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè kúrò lọ́kàn mi láé.

Lọ́rì la wọ̀ láti Ọ̀yọ́, nítorí kókó tó sọ lọ́mú wọn. Dókítà òyìnbó ní, "Kánsà."

Nọ́ọ̀sì ní, "Akàn ni ìtumọ̀ rẹ̀ láti ayé àtijọ́ àwọn òyìnbó, màmá. Iṣan ibẹ̀ ló ń nà bí ẹsẹ̀ akàn."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Akàn kẹ̀? Èèwọ̀ ilé wa ni, n kò fẹnu kàn án rí! Dókítà ti ṣìnà."

Nọ́ọ̀sì fà mí sẹ́yìn: "Ẹ máa gbé wọn lọlé. Ó ti pẹ́ jù."

Nínú lọ́rì, ìyá mi ń ròyìn òyìnbó tó ń wá akàn lọ́mú arúgbó, èrò ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló pariwo jù títí a fi dé Ọ̀yọ́, torí bí mo bá dákẹ́, ìyá mi á mọ̀.