Ààwẹ̀ Tí Mo Kó Bá Ìyá Onílé

Mo rántí ìgbà tí mo háyà yàrá kan ní Lotto, ní Mowe, tí mo sì ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní láàbù kan tí wọ́n ti ń ṣèwádìí lórí sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó kóra jọ di ara wa. Iṣẹ́ mi ni pé kí n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín dá ihò sí awọ sẹ́ẹ̀lì, kí n wá máa wò ó bó ṣe ń dí ihò náà fúnra rẹ̀. Bí a bá febi pa á díẹ̀, ṣe ló máa ń kó ohun tó ti bàjẹ́ nínú rẹ̀ jẹ, tí yóò sì fi wọ́n ṣe ohun tuntun. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú ara mi rí i, ayọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí mo lè pa mọ́ra lọ.

Ìyá onílé ni mo kọ́kọ́ rò ó fún. Opó ni, ọmọ Ifọ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń gbé. Dókítà ló ń pè mí. Akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni mí, ṣùgbọ́n orúkọ náà dùn létí mi, n kò sì jẹ́ tún un ṣe. Mo jókòó tì í níwájú ilé, mo là á yé e pé ebi ń tún ara ṣe.

Ó ní, “Ìdí ẹ̀ rèé tí Ọlọ́hun fi pa ààwẹ̀ láṣẹ fún wa.”

Orí mi wú. N kò tiẹ̀ rántí pé ìtọ̀ ṣúgà ń bá a fínra, àti pé ojoojúmọ́ ló ń lo oògùn rẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo ti Ibafọ̀ dé, mo bá ìyá onílé lórí àga, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́. Ọmọ rẹ̀ dì í mú, ó ní,

“Wọ́n ní Dókítà ló ní ebi ń tún ara ṣe. Ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀, wọ́n sì ń lo oògùn wọn lọ.”

Ẹ̀rù bà mí dé egungun. Ó ṣì lè gbé nǹkan mì, nítorí náà a fún un ní omi ṣúgà, a sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tó ní kí màmá máa gbààwẹ̀ pẹ̀lú irú oògùn yẹn. Mo wolẹ̀, mo ní èmi ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ara rẹ̀ ti mókun, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Kò bá mi wí.

“Sẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ̀ ń febi pa yẹn, ẹ kì í padà fún un lóúnjẹ ni?”

“À ń fún un, Mà. Wákàtí díẹ̀ ni. Tébi bá pẹ́ jù, ó máa kú.”

Ó ní, “O ò sọ ìyẹn fún mi.”

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Mo fẹ́ràn òwe náà, ṣùgbọ́n bó bá ti kan ọ̀rọ̀ ara àti oògùn, n kì í fi ṣe àwáwí mọ́.

Mo ti gboyè báyìí, iṣẹ́ náà sì ń dùn mọ́ mi sí i. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àsálátù ìyá onílé pè mí kí n wá ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Kí n tó sọ bí ebi ṣe ń tún sẹ́ẹ̀lì ṣe, mo kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń pa á, mo ní kí ẹni tó bá ń lo oògùn má gbààwẹ̀ láì bi dókítà rẹ̀ léèrè. Iwájú gan-an ni ìyá onílé jókòó sí, ara rẹ̀ le. Nígbà tí mo parí, ó fà mí mọ́ra.

Ó ní, “Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán.”