Àwòrán Tí Fọ́tò Ṣe Lóge

Ọdún mọ́kànlá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ya fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú tó bá ṣókùnkùn nínú àwòrán, òun a fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí ẹni tó ni ín yóò fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí iṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń dán oògùn wò, Fọ́tò sì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí ó bá wà lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa gbọ̀n.

Ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá ló fi ń ya àwòrán kòkòrò àrùn. Wọ́n ti fi aró tó ń tàn sí kòkòrò náà lára: ibi tí wọ́n bá pọ̀ sí a mọ́lẹ̀ yòò, ibi tí wọ́n bá ti kú a ṣókùnkùn. Ìdajì àwòrán jẹ́ ti àwọn kòkòrò tí wọ́n fún ní oògùn, ìdajì jẹ́ ti àwọn tí wọn kò fún ní nǹkan kan. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ obìnrin gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bákan náà ni wọ́n rí. Ó ní oògùn náà kò ṣiṣẹ́, ó sì kọ lẹ́tà pé kí wọ́n dá iṣẹ́ ọdún mẹ́ta dúró.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí lẹ́tà yóò lọ, Fọ́tò ṣèèṣì ṣí àwòrán kan bí ó ṣe wà kí òun tó fọwọ́ kàn án. Ó dúdú. Fọ́tò dìde, ó jókòó, ó tún dìde, ó rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́."

"O ba kí ni jẹ́?"

"Àwọn àwòrán tó ṣókùnkùn, mo fi ìmọ́lẹ̀ kún wọn ni. Mo rò pé wọn ò dùn ún wò."

"Ta ló ní kí o bá mi ṣe wọ́n lóge? Ṣé kòkòrò ń lọ síbi ìgbéyàwó ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Àwọn tí n kò tíì fọwọ́ kàn ṣì wà."

"Ó yá, ṣí méjì fún mi."

Kọ̀ǹpútà gan-an fẹ́ máa tan èyí tó dúdú fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ní kí ó pa ìyẹn, kí ó fi nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ kan náà sí méjèèjì, kí dúdú àti funfun inú wọn sì yàtọ̀ síra ní ìwọ̀n kan náà. Ti òsì, tí kò rí oògùn, mọ́lẹ̀ yòò. Ti ọ̀tún, tó rí oògùn, fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Ọwọ́ Fọ́tò ń yún un láti tún un ṣe; ó jókòó lé ọwọ́ náà lórí.

"Má dán an wò o," ni ọ̀gá wí. "Òkùnkùn yẹn ni mo ti ń wá láti ọdún mẹ́ta."

"Ṣé ẹ ò ní fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ mọ́, mà?"

"Méjì péré lo ṣí. Ó ku mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Kọ nọ́ńbà tí o lò sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ọ̀gá ju lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó fa àga sí ẹ̀gbẹ́ Fọ́tò.

"N ò fọkàn tán ọwọ́ ẹ. Ibí ni màá wà títí wàá fi ṣe tán."